Ìjò Ẹ̀jẹ̀ Kékeré Inú Ọpọlọ àti Àrùn Ìgbàgbé Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú òbí yín, ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé ẹbí lósù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba. Nínú ilé púpọ̀ ni àgbà kan wà tí ó ti ń gbàgbé. Ó lè bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lè jáde lọ sí ọjà tí ó ti ń ná láti kékeré, kí ó má sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó lè máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ìyá ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn kì í rẹ́rìn-ín rárá: wọn á máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ohun tí ó gbìn ni ó ń ká, pé àjẹ́ ni, pé ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ́wọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní fi ọmọ sí i lọ́wọ́ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ a sì di ohun tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà.

A kò lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú àrùn yìí tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá kan péré ni a fẹ́ mú, èyíinì ni ẹ̀jẹ̀ tí ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn àgbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. A yàn án nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹbí ti lè tó nǹkan kan. Ìdí kejì ni pé àwọn ọmọ tí ó wà nílẹ̀ òkèèrè ti ń tẹlifóònù sílé nípa oògùn tuntun, tí wọ́n ń bèèrè iye owó tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Kí owó tó jáde, ó yẹ kí a mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe.

Alzheimer ni orúkọ àrùn tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú àwọn àrùn ìgbàgbé yìí. Orúkọ dókítà ará Jámánì kan ni, Alois Alzheimer. Ní ọdún 1901, wọ́n mú obìnrin kan tí ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 péré ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó wà mọ́, ó sì ti ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí. Nígbà tí ó kú ní 1906, dókítà yìí yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ohun méjì ni ó rí: èérí kan tí ó dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àti fọ́nrán tí ó lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọdún 1910 ni ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, tó fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà nínú ìwé. Ẹ kíyè sí i pé ó ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti fi ojú rí i pé inú ọpọlọ ni ohun tí ń ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà.

Èérí àárín sẹ́ẹ̀lì yẹn ni a ń pè ní amyloid. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì fi sí i lára. Ọpọlọ gbogbo wa, ọmọdé àti àgbà, ni ó ń ṣe é lójoojúmọ́, ara a sì máa kó o dànù. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà jáde ni ògiri àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó gba inú ọpọlọ kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, kíkó náà a máa falẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ojú àgbàrá àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ nígbà òjò mọ bí ó ti ń rí: omi ń ṣàn lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtí a fà sí ẹ̀gbẹ́, ti òní a lẹ̀ mọ́ ti àná, títí ẹ̀gbẹ́ náà yóò fi le.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Òpó ẹ̀jẹ̀ tí ara rẹ̀ dá a máa rọ̀, a máa fẹ̀, a sì máa sún kì bí ọkàn ti ń lù. Èyí tí amyloid bá ti dì mọ́ ògiri rẹ̀ a gan, bí ike tí wọ́n fi ń fa omi tí oòrùn ti pa. Kò pẹ́ kí ó tó sán níbì kan, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì jò jáde. Kì í ṣe bí ti rọpárọsẹ̀ tí ó ń gbé ènìyàn ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ojú ìjò kan kì í sábà ju mìlímítà 10 lọ ní ìbú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tó hóró àgbàdo kan. Orí kì í fọ́ nítorí rẹ̀, ojú kì í ṣú, oorun kì í dá. Ara a fa omi ẹ̀jẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ a kù síbẹ̀ bí ohun tí ó dógùn-ún, a sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irin yẹn ni àwọn dókítà fi ń rí i. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní IRM, tí ó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, a máa fi ojú ìjò kọ̀ọ̀kan hàn bí àmì dúdú róbótó. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ sikanẹ́ẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ju IRM lọ dára púpọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí ọpọlọ, ó sì ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò lè rí àwọn àmì kéékèèké wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti ya sikanẹ́ẹ̀ fún bàbá tí wọ́n sì ní kò sí nǹkan, ìyẹn kò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kékeré kankan kò jò rí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbàgbé lọ ta ilẹ̀ nítorí IRM. Dókítà ni yóò sọ bóyá àwòrán náà yóò yí ìtọ́jú padà. Bí kò bá ní yí i padà, kí owó náà máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àmì dúdú náà wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bí ó bá wà ní ẹ̀bá òde ọpọlọ, ní ìhà agbárí, amyloid tí ó wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá wà ní àárín gbùngbùn tàbí ní ìdí ọpọlọ níbi tí ó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sábà máa ń fura sí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tansiọ̀n. Òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín, ara òpó ńlá ni wọ́n sì ti yọ lójijì, nítorí náà gbogbo agbára ẹ̀jẹ̀ tí ń ru ni ó ń kọlù wọ́n, lọ́sàn-án lóru, fún 10 ọdún tàbí 20 ọdún. Àgbà mìíràn sì wà tí ó ní méjèèjì pọ̀.

Ǹjẹ́ ìjò ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó ń fa Alzheimer? Rárá, ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Hòláǹdì, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn ará ìlú lásán, kì í ṣe ti àwọn aláìsàn. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, nínú 100 ẹni tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 69, bí 18 ni ó ní ó kéré tán àmì kan. Nínú àwọn tí ó ti lé ní 80, ó tó 38. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ni ọpọlọ wọn ṣì mú ṣáṣá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn ará ìlú kan náà fún ọdún mélòó kan, wọ́n rí i, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2016, pé ewu àrùn ìgbàgbé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lára àwọn tí ó ní àmì náà. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá yẹ ọpọlọ àwọn tí ó kú pẹ̀lú Alzheimer wò, ọ̀pọ̀ jùlọ ni wọ́n ń rí amyloid lára òpó ẹ̀jẹ̀ wọn, ti ẹlòmíràn kéré, ti ẹlòmíràn pọ̀. Ẹ rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì: orísun kan ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ń gbé inú ilé kan, bí ọ̀kan kò tilẹ̀ bí èkejì.

Àwọn apẹja ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yìí fi ara hàn. Ní etí òkun ilẹ̀ Hòláǹdì kan náà, ní Katwijk àti ní Scheveningen, àwọn ẹbí kan wà tí irú ikú kan ń tẹ̀ lé láti ìran dé ìran. Bàbá tàbí ìyá tí ara rẹ̀ le, tí ó wà ní nǹkan bí ẹni 50 ọdún, ẹ̀jẹ̀ á ṣàdédé dà sí i lọ́pọlọ. Bí ó bá yè é, òmíràn á tún dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iyè rẹ̀ á sì máa ra níwọ̀nba níwọ̀nba. Nínú ọmọ méjì tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá bí, ọ̀kan ló ṣeé ṣe kí ó jogún rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. A lè fojú inú wo ohun tí wọn ìbá pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀: àṣìkọ kan ṣoṣo nínú àbùdá tí ara fi ń ṣe amyloid, bí ìgbà tí akọ̀wé bá fi lẹ́tà kan dípò òmíràn nínú ìwé gígùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1991, ní ìlú London, wọ́n rí àṣìkọ mìíràn nínú àbùdá kan náà gan-an lára ẹbí kan tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú bí kò ṣe Alzheimer. Àbùdá kan ni. Níhìn-ín ó ba ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, lọ́hùn-ún ó ba ìrántí jẹ́. Irú àjogúnbá líle bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí màmá òun ń gbàgbé ní ẹni 80 ọdún, òun náà ti jogún rẹ̀ dandan.

Ẹnìkan lè ní àrùn òyìnbó nìyí, kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn ènìyàn Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àrùn yìí láàárín wọn dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn dókítà ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Osuntokun kú ní 1995, àwọn tí ó kù sì ń bá a lọ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà Yorùbá tí ó ti tó ẹni 65 ọdún, bí 11 tàbí 12 ni Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, bí 25 ni. Ní orílẹ̀-èdè Benin níhìn-ín, àwọn dókítà lọ láti ilé dé ilé ní Djidja. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2009, àwọn tí ó ní àrùn ìgbàgbé jẹ́ 2.6 nínú 100 àgbà. Ti Kútọnu, tí ó jáde ní 2011, jẹ́ 3.7. Iye yìí kéré sí ti ilẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n ènìyàn ni iye náà, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ ìyá ẹni.

Ìwé kan tún jáde láti Ìbàdàn ní 2011, láti ọwọ́ Adesola Ogunniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó kàn wá jù gbogbo ìyókù lọ ní èrò tiwa. Wọ́n rí i pé àwọn àgbà Yorùbá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àrùn ìgbàgbé ń bá jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de amyloid kí ó tó ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Bí ó bá sì bá amyloid níbẹ̀, ògiri kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń wó.

Ó kù ti oògùn tuntun. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab ní 2023 àti donanemab ní 2024. Inú iṣan ni wọ́n ń fà wọ́n sí, ti àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, ti èkejì lóṣooṣù. Wọ́n ń kó amyloid kúrò nínú ọpọlọ lóòótọ́. Nínú ìdánwò lecanemab, tí ènìyàn 1,795 wà nínú rẹ̀ fún oṣù 18, àrùn náà falẹ̀ ní ìwọ̀n bí 27 nínú 100. Ó falẹ̀ ni a wí. Kò dúró, ohun tí ó ti sọnù kò sì padà. Àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́ kò sí lára wọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ó kan ìjò ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdánwò náà, ẹ̀jẹ̀ jò sí ọpọlọ bí 17 nínú 100 àwọn tí ó gba oògùn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní omi lásán, 9 ni. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí oògùn ti ń fa amyloid kúrò lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ni ògiri náà ń di ẹlẹgẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n ti àwọn díẹ̀ di ńlá, àwọn kan sì kú nínú lílo irú oògùn yìí. Nítorí náà ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ ya IRM kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún máa yà á láàárín. Ẹni tí àmì dúdú rẹ̀ bá ti ju 4 lọ, ìlànà tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n má ṣe fún un. Wọn kì í sì í fẹ́ fún ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, tí ọkàn yín ń gbọgbẹ́ nítorí màmá, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi oògùn yìí ránṣẹ́ bí ẹni fi bàtà ránṣẹ́. Níbi tí kò bá sí IRM nítòsí, tí kò sì sí dókítà tí ó lè wo àwòrán náà ní gbogbo ìgbà tí ó yẹ, ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Tansiọ̀n ni ọwọ́ wa tó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tí ó lé ní 9,000, tí wọ́n ti tó ẹni 50 ọdún ó kéré tán, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Fún apá kan, wọ́n gbìyànjú kí nọ́ńbà òkè tansiọ̀n wọn má ju 14 lọ, bí a ti ń kà á níhìn-ín. Fún apá kejì, kí ó wà lábẹ́ 12. Àbájáde tí ó jáde ní 2019 ni pé àìrántí tí ó máa ń ṣíwájú àrùn ìgbàgbé dín ní bí 19 nínú 100 lára apá kejì. Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lé 12 kiri fúnra rẹ̀, nítorí tansiọ̀n tí ó bá lọ sílẹ̀ jù a máa gbé àgbà ṣubú. Kí a wọ̀n ọ́, kí a mọ iye rẹ̀, kí a sì máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ ni a ń wí. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti dá a dúró ní ọjọ́ tí orí kò bá fọ́ wọn mọ́, wọ́n á ní àwọn ti sàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fọ́ orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rárá. Kí ìyàwó ilé dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀, àti máàgì pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ti àsípírìnì ńkọ́? Ó ti di àṣà fún àwọn kan láti máa lo ìdajì rẹ̀ lálaalẹ́, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Fún àgbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ ti ń jò, ó lè sọ ìjò kékeré di ńlá. Ẹni tí kì í ṣe dókítà ló fún un, kí ó má ṣe máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún nítorí ọkàn tàbí nítorí rọpárọsẹ̀, kí ó má ṣe tìtorí ohun tí ó kà níhìn-ín jù ú nù. Kí ó padà lọ bèèrè.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni Alzheimer. Àìsàn ọ̀fun tí ń jẹ́ gẹ̀gẹ̀, àìtó oúnjẹ, ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, àti àwọn oògùn oorun kan lè mú un wá, púpọ̀ nínú wọn sì ní ìtọ́jú. Bí ẹnu àgbà bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ daru láàárín wákàtí kan, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ kọ oṣù tí ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ sínú ìwé, ẹ kọ iye tansiọ̀n rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan sí i, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ó ń lò dání, àti orúkọ àgbo tí ó ń mu. Kí ẹni tí ó ń sùn ti ìyá, ìbáà jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò ju ẹni 15 ọdún lọ, bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí òun ló mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóru.